Àròjù àti alábàárò: ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe sí ara, àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Obìnrin kan ń ta iyán ní Adó-Èkìtì, kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun náà sì mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá bá wa pé ibà ń ṣe òun. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Ó ní orí òun ń gbóná, pé ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn nínú agbárí òun, pé àyà òun ń já, pé bí aago mẹ́ta òru bá ti lù, oorun tán nìyẹn. A wọn ìfúnpá rẹ̀, kò ga. Ìgbà kẹrin ni mo tó bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ àkọ́kọ́: "Mọ́mì, ọjà ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ iyọ̀ ọbẹ̀ wọ̀n mọ́."

Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń se ọbẹ̀ fún títà, kì í tọ́ ọ wò kó tó bù ú fún oníbàárà, ojú ló fi ń wọn iyọ̀. Ní báyìí, àwọn oníbàárà ti ń kùn: lónìí iyọ̀ ti pọ̀ jù, lọ́la ọbẹ̀ tẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ń rí lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà téèyàn mu omi gbígbóná. Nígbà tí mo dákẹ́ tí mi ò sọ nǹkan kan, ìyókù jáde. Òun ni akápò àjọ tí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lórí àìsàn, ó mú nínú owó àjọ náà san owó ọsibítù, ó ní òun á dá a padà kó tó kan ẹni tó máa kó. Àbúrò kú. Oṣù méje ti kọjá, ó ń yá níbí dí ti ọ̀hún, kò sì tíì sọ fún ẹyọ ẹnì kan.

Irú obìnrin yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọn kì í parọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ara ń gbóná. Ara wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkùn tó ń lé ni àti gbèsè tó ń lé ni. Bí ìdààmú bá ti dé, ara á tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọkàn sáré, tó ń mú iṣan le, tó ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn, kí a lè sá tàbí kí a jà. Bí ẹkùn bá lọ, ara á rọlẹ̀. Gbèsè kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ara á wá máa dira ogun láti oṣù dé oṣù, iṣan ọrùn àti ti orí á le títí yóò fi di ẹ̀fọ́rí, ikùn á máa rú, oorun á fò lọ, adùn á kúrò lẹ́nu. Ẹni náà á gba kẹ́míìsì lọ, á ra egbòogi ibà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún rà á.

Yorùbá ní orúkọ fún ohun tó wà nídìí rẹ̀: àròjù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, rò ni gbòǹgbò rẹ̀. Lára rò yìí la ti rí àròkàn, tí àwọn àgbà ní òun ló ń fa ẹkún àsun-ùn-dá. Lára rẹ̀ náà la ti rí alábàárò, ẹni tí a lè bá rò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹnì kan dá rò tó fi ṣàìsàn, bí ẹni méjì bá jọ rò ó, ó lè di ẹrù tó ṣeé rù. Láàárín àròjù àti alábàárò ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé wà.

Àwa nìkan kọ́ ló mọ èyí. Àwọn Shona ní Zimbabwe ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, àròjù gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2006, dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dixon Chibanda rí i pé àwọn dókítà ọpọlọ bíi tirẹ̀ kò tó nǹkan rárá ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ó mú àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní Mbare, àdúgbò kan ní ìlú Harare, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó ti ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn. Wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á sọ pé kó mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú gbogbo ìṣòro rẹ̀, wọ́n á sì jọ wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣí ìdí ẹyọ kan yẹn. Nígbà tí ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2016, ó hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ka èyí, ìyá ìyá mi ni mo rántí, lójúde rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí àwọn aya ilé máa ń fi ẹ̀gúsí bíbó ṣe àwáwí wá jókòó tì ní ìrọ̀lẹ́. Mo kéré nígbà yẹn, mo rò pé ẹ̀gúsí ni wọ́n bá wá.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé nǹkan mẹ́ta la dà pọ̀ mọ́ra: ìbànújẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn, àti wèrè. Nítorí pé a dà wọ́n pọ̀, ẹni tí èkejì ń ṣe á máa sá fún orúkọ ẹ̀kẹta, á sì máa sọ pé àkọ́kọ́ lásán ló ń ṣe òun.

Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú yóò sunkún, kò ní fẹ́ jẹun, ó sì lè máa ṣe é bíi pé ó ń gbọ́ ohùn olóògbé nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ máa ń dé, ó sì máa ń lọ bí ìgbì. Ẹnì kan á sọ àwàdà tí olóògbé fẹ́ràn, a ó rẹ́rìn-ín, omijé á tún dé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣì ń ríran.

Nínú ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn, ìgbì yẹn á dúró. Gbogbo ọjọ́ á rí bákan náà. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni ọ̀sẹ̀ méjì: bí ọkàn bá wúwo, tàbí tí kò bá sí ohun kankan tó dùn mọ́ ni mọ́, ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn nǹkan mìíràn sì bá a rìn. Nínú àwọn nǹkan náà ni oorun tó sá tàbí oorun àsùnjù, oúnjẹ tí kò lọ tàbí àjẹjù, àárẹ̀ láìṣe iṣẹ́, ọkàn tí kò lè dúró sórí nǹkan kan, kéèyàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun gbogbo, kó máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, àti èrò pé ikú sàn. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, kì í fara hàn bí ẹkún. Ìbínú ló máa ń gbé wọ̀, tàbí ọtí, tàbí kí ó máa pẹ́ níta kó má baà bá ìyàwó àti ọmọ lójúfò. Abiyamọ náà ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ kí inú ìyá ìkókó máa bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, kó sì máa sunkún láìnídìí. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé aláìmoore ni.

Wèrè, bí a ṣe ń pè é nígboro, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tó gbà pé àwọn ará ilé fẹ́ pa òun, àìsàn mìíràn ló ń ṣe é, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Kò tọ́ ká máa fi òun náà ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe àtẹ̀gùn tí a ń gùn débẹ̀. Ẹni tó lọ rí dókítà ọpọlọ nítorí oorun kò di wèrè.

Ní nǹkan bí ọdún 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Yorùbá, àti àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà lọ káàkiri àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ìlera ọkàn wọn. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò kó gbogbo àmì yìí sábẹ́ orúkọ àìsàn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwọn àmì náà gan-an kì í ṣe àjèjì sí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dárúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí dòní. Orí gbígbóná la mọ̀, àìsùn la mọ̀, àyà jíjá la mọ̀. Okùn tó so wọ́n pọ̀ la kì í rí.

Ní báyìí, ìtọ́jú ara ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ orí fóònù, àwọn kan sì rò pé ìpara olówó iyebíye àti ìrìnàjò ìgbádùn ni. Àwọn kan tún rò pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni, pàápàá àwọn ìyá tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń jẹun kẹ́yìn nínú ilé. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju èyí lọ: ó ń bá ara sọ ọ́ pé ẹkùn kò sí nínú yàrá. Ara kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, oorun ló ń gbọ́, oúnjẹ ló ń gbọ́, ìrìn ló ń gbọ́.

Oorun ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí pé bó bá ti bàjẹ́, kò sí nǹkan mìíràn tó máa dúró. Àgbàlagbà nílò tó wákàtí méje, ó kéré tán. Ohun tó ń ran oorun lọ́wọ́ jù lọ ni kéèyàn máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, bí alẹ́ ti wù kó burú tó. Bí ẹ bá ti wà lórí ibùsùn tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò dé, ẹ dìde, ẹ jókòó síbòmíràn nínú òkùnkùn tàbí ìmọ́lẹ̀ kékeré, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá ń kún. Ẹ má fi ibùsùn ṣe ibi ìṣírò gbèsè. Fóònù kò gbọdọ̀ wà nítòsí. Ìròyìn ikú àti ìjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago kan òru kò ní sá lọ kílẹ̀ tó mọ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: obì tí a ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ní èròjà tó wà nínú kọfí, tó ń lé oorun lọ. Ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Ọtí máa ń tan ni jẹ. Bí ènìyàn bá mu ẹmu tàbí ògógóró nítorí oorun, á sùn kíákíá, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti lo ọtí yẹn tán láàárín òru, ojú á là, àyà á máa já, ọkàn á sì wúwo ju ti àná lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì, á mu sí i.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni oògùn oorun tí wọ́n ń rà láìsí ìwé dókítà, Valium àti Lexotan àti àwọn ẹbí wọn. Ó níye ọjọ́ tó yẹ ká lò wọ́n, dókítà ló sì yẹ kó kà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, ara á ti mọ́ wọn. Ẹyọ kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, á di méjì. Bí ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ bá sì dá a dúró lójijì, ó lè gbọ̀n, gìrì pàápàá lè gbé e. Mo ti rí ìyá arúgbó tó ṣubú nílé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru nítorí oògùn yìí, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un, ìfẹ́ ló fi rà á. Bí ẹ bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ bá dókítà kó bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìrìn rọrùn fún wa. Ilẹ̀ Èkìtì kò tẹ́jú, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà ti gun òkè, ó ti sọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 irú ìrìn tó ń mú èémí yá díẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń ran oorun lọ́wọ́, ó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Bí àyà bá ń já lójijì, ẹ jókòó, ẹ fa èémí sínú ní ìwọ̀n ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìwọ̀n ení dé ẹ̀fà. Títú u jáde pẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún.

Àwọn kan á ní, "Nọ́ọ̀sì, bó bá ti wù mí láti rìn, mo ti sàn nìyẹn." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àìsàn yìí ti ń di ènìyàn mú. Ó ń mú wa dúró de ìgbà tó máa wù wá. Kò ní wù wá. Iṣẹ́ kékeré ló máa ń ṣáájú, ìfẹ́ á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kí iṣẹ́ náà kéré débi pé ẹni tó rẹ̀ lè ṣe é: kéèyàn wẹ̀, kó gbá iwájú ilé, kó lọ kí aládùúgbò kan kó tó di ọ̀sán. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní alẹ́, ẹyọ kan péré, kí ọkàn tó rẹ̀ ní òwúrọ̀ má tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ohun tó máa ṣe.

Síbẹ̀, oorun kì í san owó àjọ. Ibi tí ìtọ́jú ara ẹni dé nìyẹn, tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tó ń dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn ti gbàdúrà, àwọn ti rìn, àwọn ti sùn, nǹkan kò sì yí padà. Kì í ṣe pé wọn kò ṣe é tó. Ẹrù ẹni méjì ni ẹnì kan ń dá rù.

Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n lórí. Kí ló dé tí a fi ń dákẹ́? Ìlú wa kò tóbi. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tí a sọ níhìn-ín láàárọ̀ á dé Ọjà Ọba kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn rí. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odidi rẹ̀. Ẹ sọ ohun kékeré fún ẹni tí ẹ ń wò, bíi pé ẹ kì í sùn dáadáa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kí ẹ wo bó ṣe máa gbà á. Ṣé ó bi yín ní ìbéèrè, àbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara rẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn náà? Ẹni tí ẹ ti gbọ́ tó ń sọ àṣírí ẹlòmíràn fún yín ti dá ara rẹ̀ yọ. Alábàárò kì í sì í ṣe ẹbí dandan. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́, aládùúgbò, ìyá kan nínú ẹgbẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Bí ẹnu bá wúwo, ẹ lo gbólóhùn tí obìnrin oníyán yìí lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A jọ tò ó pọ̀ nínú yàrá ìtọ́jú, ó ń tún un sọ bí ọmọ ilé ìwé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wá tọrọ owó. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó dá mi lóhùn." Apá kìíní lé ìbẹ̀rù owó jáde lọ́kàn ẹni tó ń gbọ́. Apá kejì sọ fún un ohun tí a ń fẹ́ kó ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣìkà, wọn kò kàn mọ̀ bóyá owó là ń fẹ́ ni, tàbí ìmọ̀ràn, tàbí etí.

Ẹ̀yin tí wọ́n wá bá, mo bẹ̀ yín. Àwọn gbólóhùn kan wà tó máa ń pa ẹnu ènìyàn dé. "Ṣé ìwọ nìkan ni?" "Àwọn kan ò tiẹ̀ rí jẹ." "Ọkùnrin kì í ṣe báyìí." Àti èyí tí a ń fi ọkàn rere sọ jù: "Ọlọ́run á ṣe é." Ọlọ́run á ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde tán, àmín ni ẹni náà á ṣe, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúrà kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Èwo ló le jù nínú rẹ̀?" kí ẹ sì farabalẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ bá a fọ aṣọ, ẹ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé yín fún ọ̀sán kan, ẹ gbé oúnjẹ wá láìbi í bóyá ó fẹ́ jẹ.

Ẹ sì wo bí a ṣe ń ṣe òkú nílẹ̀ wa. Ilé á kún fún ọ̀sẹ̀ kan, kánópì á dí ojú ọ̀nà, a ó gún iyán fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, gbogbo wa á wọ aṣọ kan náà. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á kó àga sínú ọkọ̀, ilé á dákẹ́. Láti ìgbà yẹn ni opó ń bẹ̀rẹ̀ sí í nílò wa. Ẹ fi í sọ́kàn láti pè é ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, ní ọjọ́ ìbí olóògbé.

Ìbéèrè kan wà tó ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé sú òun, pé gbogbo èèyàn á sinmi bí òun kò bá sí, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun ìní rẹ̀, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Bíbi í kò ní gbìn ín sí i lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ ìtura fún ẹni tó ti ń dá a gbé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn àti oògùn kòkòrò kúrò ní arọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ bá a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ tó ń ka èyí ni, jọ̀wọ́, sọ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọ jù kí ilẹ̀ tó ṣú. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò dìgbà tí o bá rí ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ní ọsibítù, kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù. Bí ẹ bá lè dé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn dókítà ọpọlọ wà níbẹ̀. Ẹ ó gba káàdì bí gbogbo aláìsàn ṣe ń gbà á. Dókítà á béèrè nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ilé. Ó lè ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí wàhálà ẹ̀yà ara inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ lára rẹ̀, lè fara jọ ìrẹ̀wẹ̀sì. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ́ ìtọ́jú. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan bíi ti ẹ̀fọ́rí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hàn, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù. Kì í sì í di bárakú bíi Valium, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ ìgbà tí ẹ máa dá a dúró.

Pásítọ̀ ńkọ́, àlùfáà ńkọ́? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà sílẹ̀, èmi náà ń gbàdúrà. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí alábàárò. Nígbà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí lè máa wà lọ́dọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ènìyàn àti oògùn jọ wà níbẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni ààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ fún ẹni tí kò jẹun tẹ́lẹ̀, ẹgba, ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀, àti àṣẹ pé kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe irú àwọn ènìyàn yìí ní wèrè láti ayé ìjọba Òyìnbó, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin oníyán náà gbọ́ ọ dópin. Ó bínú díẹ̀, ó sunkún díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó bá a lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́. Wọ́n gba ipò akápò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn dùn ún gan-an. Wọ́n pín gbèsè náà sí oṣù mẹ́wàá. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó ń lọ rí dókítà lóṣooṣù, ó ti ń sùn títí aago márùn-ún ìdájí. Adùn kò tíì padà tán. Ní òwúrọ̀ tó bá mọ̀ pé ẹnu òun kò pé, ó ti ní ọ̀nà tó ń gbé e gbà: á pe ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sídìí ìkòkò, á na ìpọnbẹ̀ sí i, á ní, "Bá mi tọ́ ọ wò."